Iṣan Ẹsẹ̀ Tó Wú àti Àsopọ̀ Ara: Ìtàn Èrò Àwọn Oníṣègùn Láti Padua dé Ìbàdàn Àtijọ́

Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá fi ń pe ohun mẹ́rin tí ìmọ̀ ìṣègùn òde òní yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà káàkiri ara, iṣan ni. Okùn líle tí ó so ẹran mọ́ egungun, iṣan ni. Fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ, iṣan náà ni. Ẹran tí ń le, tí ń dẹ̀, bí ènìyàn bá ń gbé ẹrù, iṣan ni ọ̀pọ̀ ń pè é pẹ̀lú. Báyìí ni àwọn míṣọ́nnárì tí wọ́n kọ́kọ́ kọ èdè Yorùbá sílẹ̀ ṣe bá ọ̀rọ̀ náà, wọn kò sì yí i padà. Nínú Bíbélì Mímọ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde lódindi ní 1884, iṣan ni wọ́n pe ohun tí ó wà ní itan Jékọ́bù nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 32. Iṣan náà ni wọ́n pe ohun tí Ọlọ́run fi so àwọn egungun gbígbẹ pọ̀ nínú Ìsíkíẹ́lì orí 37. Kò sí èyí tí ó jẹ́ ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú méjèèjì.

Ó rọrùn láti pe èyí ní àìtó ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ti gbìyànjú láti kọ́ni ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní èdè abínibí ti ráhùn nípa rẹ̀, láti ìgbà tí ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́. Ìráhùn náà ní ìdí. Ṣùgbọ́n nínú àìsàn kan, ó kéré tán, ìtàn ìṣègùn fi hàn pé àwọn tí wọ́n ya okùn ara sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Àìsàn náà ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ tí ó wú, tí ó yọ síta, tí ó sì lọ́ bí ejò lábẹ́ awọ. Àwọn ará Ìbàdàn ń rí i lẹ́sẹ̀ àgbà, wọn kì í sì í sábà gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn oníṣègùn òyìnbó kan tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé àìsàn náà ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn Áfíríkà. Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ yìí, àti ohun tí ó ṣeé sọ nípa rẹ̀ lónìí, ni iṣẹ́ yìí dá lé.

Ohun tí àsopọ̀ ara jẹ́

Àsopọ̀ ara ni orúkọ tí iṣẹ́ yìí fún ohun tí ó di àwọn ẹ̀yà ara mú, tí ó so wọ́n pọ̀, tí ó sì fún wọn ní ìrísí. Ó wà nínú awọ, ó wà nínú egungun, òun ni okùn tí ó so ẹran mọ́ egungun, ó sì wà nínú ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀. Ohun méjì ni ó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀. Èkíní ni kọ́lájìn, tí ó le bí okùn tí a lọ́, tí kì í jẹ́ kí ohun tí ó dì ya. Ẹni tí ó bá ti gé pọ̀nmọ́ rí ti fọwọ́ kan kọ́lájìn, nítorí òun ni ó pọ̀ jù nínú awọ màlúù. Èkejì ni ẹlásítìn, tí ó máa ń fà bí rọ́bà tí ó sì máa ń padà sí bí ó ti wà. Bí kò bá sí kọ́lájìn, ògiri iṣan yóò fẹ̀ títí yóò fi ya; bí kò bá sí ẹlásítìn, yóò fẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sì ní sún mọ́ra mọ́.

Iṣẹ́ iṣan ẹsẹ̀ kò kéré. Ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn bá tú jáde gbọ́dọ̀ gòkè láti àtẹ́lẹsẹ̀ padà sí àyà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun kan nísàlẹ̀ tí ó ń tì í bí ọkàn ṣe ń tì í lókè. Ohun méjì ni ó ń ràn án lọ́wọ́. Àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké wà nínú iṣan, tí wọ́n ń ṣí sí òkè nìkan, tí wọ́n sì ń tì bí ẹ̀jẹ̀ bá fẹ́ padà. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun sì ń fún iṣan bí ènìyàn bá ti ń gbé ẹsẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni ń fún ìgbá omi lọ́wọ́. Nígbà tí ènìyàn bá dúró sójú kan láìmira, ìtì ẹ̀jẹ̀ nínú iṣan àtẹ́lẹsẹ̀ máa ń tó nǹkan bí 80 sí 90 lórí òṣùwọ̀n màkúrì tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó máa ń lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí 30 tàbí kí ó dín. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ọjà, nítorí alábàárù tí ń gun òkè Mápó pẹ̀lú ẹrù lórí àti ìyá tí ó dúró ti àtẹ rẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́ kò ru ẹrù kan náà lẹ́sẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti alábàárù ni gbogbo ayé ń rí.

Nígbà tí ilẹ̀kùn iṣan kò bá tì mọ́, ẹ̀jẹ̀ yóò máa ṣàn padà sísàlẹ̀, iṣan yóò fẹ̀, yóò gùn, yóò sì lọ́. Gbogbo oníṣègùn gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí wọ́n ti ń jiyàn lé lórí ni èyí tí ó kọ́kọ́ bàjẹ́. Ẹni tí ó bá ti gbé ilé alámọ̀ ní Bẹẹrẹ tàbí Bẹ́yẹrúnká yóò lóye àríyànjiyàn náà láìsí wàhálà. Bí ilẹ̀kùn kò bá tì, ó lè jẹ́ pé pákó rẹ̀ ni ó jẹrà. Ó sì lè jẹ́ pé pákó ṣì le, ṣùgbọ́n ògiri ti sún kúrò lọ́tùn-ún àti lósì, tí ilẹ̀kùn kò fi lè kan òpó kejì mọ́. Ẹni tí ó bá gbé ilẹ̀kùn tuntun sí ilé kejì yìí kò tí ì ṣe nǹkan kan.

Láti Padua dé Prague

Àìsàn náà kì í ṣe tuntun. Àwọn oníṣègùn Gíríìkì tí wọ́n kọ̀wé lábẹ́ orúkọ Hippocrates, ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrin àti ìkarùn-ún ṣáájú ìbí Kristi, mọ̀ ọ́n, wọ́n sì mọ̀ pé egbò ẹsẹ̀ máa ń tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n wọn kò mọ ìdí rẹ̀, nítorí wọn kò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ń yí ká. Fún ẹni tí ó gbà pé ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn jáde láti inú ẹ̀dọ̀ ni, tí ara sì ń mu ún tán, iṣan ẹsẹ̀ tí ó wú jẹ́ ibi tí ẹ̀jẹ̀ búburú kóra jọ sí. Èrò yìí kò jìnnà púpọ̀ sí ohun tí a lè gbọ́ lẹ́nu àgbà kan ní Ọjà'ba, pé ẹ̀jẹ̀ dídú ni ó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀.

Ní 1603, Fabricius, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Padua ní Ítálì, tẹ ìwé jáde lórí àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké inú iṣan. Ó rí wọn, ó yà wọ́n ní àwòrán, ṣùgbọ́n kò mọ iṣẹ́ wọn pé pérépéré. Ó rò pé wọ́n kàn ń dín eré ẹ̀jẹ̀ kù ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, William Harvey, ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ni ó so ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ní 1628. Ó fi ọ̀já di apá ènìyàn, ó fi ìka tẹ iṣan tí ó yọ síta, ó sì fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kò lè padà sísàlẹ̀. Nípa báyìí ni ilẹ̀kùn ṣe di olórí ọ̀rọ̀, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Trendelenburg ní Jámánì di iṣan ńlá inú itan pa, kí ẹ̀jẹ̀ má baà ṣàn padà. Iṣẹ́ abẹ náà mú ara dẹ àwọn aláìsàn, èyí sì mú kí ó dà bí ẹni pé ìbéèrè ti tán. Bí oògùn bá jẹ́, ta ni yóò tún máa bèèrè ohun tí ó fa àìsàn?

Àwọn tí wọ́n bèèrè ni àwọn tí wọ́n mú iṣan tí wọ́n gé jáde lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ní 1964, àwọn onímọ̀ kan ní Prague wọn kọ́lájìn àti ẹlásítìn inú iṣan tí ó wú, wọ́n sì fi wé ti iṣan tí kò ní àrùn. Wọ́n rí i pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ lórí ògiri iṣan ti ń pọ̀ sí i. Ní 1986, Rose àti Ahmed ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ gbangba pé àìlera ògiri ni ó ṣáájú, pé ilẹ̀kùn kì í tì nítorí pé ibi tí ó wà ti fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Lára ẹ̀rí tí ó gbe irú èrò yìí ni pé iṣan máa ń fẹ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn tí kò bàjẹ́ rárá, ó sì ṣeé rí pé ibi kan lè wú nígbà tí ilẹ̀kùn tí ó wà lókè rẹ̀ ṣì ń tì.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀, kò sì mọ́ kedere tó bí àwọn kan ṣe ń kọ ọ́. Àwọn kan wọn kọ́lájìn wọ́n ní ó pọ̀ jù, àwọn mìíràn ní ó dín. Nígbà tí ó di 2001, àwọn onímọ̀ ní Faransé jẹ́ kí ó yé ni pé kì í ṣe iye rẹ̀ nìkan ni ó yẹ kí a máa kà. Oríṣiríṣi ni kọ́lájìn. Oríṣi kìíní le, kì í fà púpọ̀. Oríṣi kẹta máa ń jẹ́ kí ògiri rọ̀, kí ó sì lè fà. Nínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n mú láti inú iṣan tí ó wú, oríṣi kìíní ni ó pọ̀, oríṣi kẹta sì dín. Ẹlásítìn náà máa ń já sí wẹ́wẹ́. Àwọn ohun kan tún wà nínú ara tí iṣẹ́ wọn ni láti máa gé àsopọ̀ tí ó ti gbó kí tuntun lè rọ́pò rẹ̀. Nínú iṣan àwọn aláìsàn wọ̀nyí, gígé àti rírọ́pò kò bá ara wọn dọ́gba mọ́. Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ nínú ẹnìkan tí kò sì rí bẹ́ẹ̀ nínú ẹlòmíràn ni ó kù. Ìdílé wà nínú rẹ̀ dájúdájú, nítorí ọmọ tí òbí rẹ̀ bá ní i sábà máa ń ní i. Oyún wà nínú rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ inú ara aboyún máa ń pọ̀ tó ìdajì iye tẹ́lẹ̀ ní àfikún, omi ara rẹ̀ máa ń mú kí ògiri iṣan dẹ̀, ilé ọmọ sì ń tẹ iṣan inú ìbàdí. Ọjọ́ orí wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Burkitt, Cleave àti ẹsẹ̀ ọmọ Áfíríkà

Ibi tí ìtàn yìí ti kan ilẹ̀ Áfíríkà gan-an ni iṣẹ́ Denis Burkitt, ará Ireland, tí ó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ ní Uganda láti 1946 títí di àárín àwọn ọdún 1960. Orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn oníṣègùn Ìbàdàn, nítorí àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọdé tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn tí ó padà sí Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ó máa ń fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwòsàn míṣọ́nnárì káàkiri Áfíríkà, ó ń bi wọ́n léèrè àwọn àìsàn tí wọ́n ń rí àti èyí tí wọn kì í rí. Ní 1972, nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ ọ́ pé iṣan ẹsẹ̀ tí ó wú, ẹ̀jẹ̀ tí ó dì nínú iṣan ẹsẹ̀, àti ìdí yíyọ ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ àwọn ará oko ní Áfíríkà, wọ́n sì wọ́pọ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Nítorí pé àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ń ní i bí àwọn aláwọ̀ funfun, ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ìran. Oúnjẹ ni ó fà á: oúnjẹ tí a yọ èérí kúrò nínú rẹ̀ ń mú kí ìgbẹ́ le, ìfipá ṣe ìgbẹ́ ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sínú iṣan ẹsẹ̀, ilẹ̀kùn sì ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí ó dára nínú iṣẹ́ Burkitt kò yẹ kí ó farasin. Ó kọ̀ láti sọ pé ara aláwọ̀ dúdú yàtọ̀, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí ilẹ̀ Ìbàdàn, ihò púpọ̀ wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí oúnjẹ ṣáájú. Àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyí máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo oúnjẹ Áfíríkà ni ó jẹ́ ọkà tí a kò yọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Kò sí ìyá Ìbàdàn tí yóò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń ṣe ògì máa ń sẹ́ ẹ, èérí rẹ̀ sì ni ewúrẹ́ àti àgùntàn ilé ń jẹ. Ẹ̀wà tí a fi ń se gbẹ̀gìrì, bíbó ni a ń bó èèpo rẹ̀ kúrò. Iṣu tí a ń gbẹ fún ẹ̀lùbọ́, èèpo rẹ̀ kì í wọ inú àmàlà. Òtítọ́ ni pé ewédú, ẹ̀wà tí a kò bó àti èso inú igbó wà nínú oúnjẹ náà, kò sì sí ẹni tí yóò fi ẹ̀kọ wé búrẹ́dì funfun. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn jẹ́ ìlú ńlá tí ó ní ọ̀nà oúnjẹ tirẹ̀, tí ó sì fẹ́ràn ohun tí ó jọ̀lọ̀. Kì í ṣe abúlé inú ìwé Burkitt.

Ti ìdí yíyọ ni ó tún yani lẹ́nu jù. Burkitt ní ó ṣọ̀wọ́n. Àwọn Yorùbá ní orúkọ fún un, jẹ̀díjẹ̀dí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ náà gba àwọn àìsàn inú mìíràn mọ́ra. Agbo jẹ̀díjẹ̀dí wà lára agbo tí ó wọ́pọ̀ jù lọ lórí àtẹ àwọn alágbo, àwọn àgbà sì máa ń kìlọ̀ fún ọmọdé pé kí ó má jẹ ohun dídùn jù nítorí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti Cleave, oníṣègùn nínú ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, tí Burkitt fúnra rẹ̀ kọ́ èrò rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní 1960 ni Cleave ti tẹ ìwé jáde lórí ohun tí ó ń fa iṣan ẹsẹ̀ tí ó wú, lẹ́yìn náà ni ó sì so ọ̀pọ̀ àìsàn pọ̀ mọ́ ṣúgà àti ìyẹ̀fun funfun. Bí Cleave bá ti gbọ́ Yorùbá, ì bá ti rí ẹlẹ́rìí púpọ̀ fún ọ̀rọ̀ ṣúgà, ì bá sì ti pàdánù ẹ̀rí pé àìsàn ìdí ṣọ̀wọ́n.

Ní ọdún 1972 yẹn náà, oníṣègùn mìíràn, Alexander, kọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn Lancet pé ìjókòó lórí àga ni ó jẹ̀bi, kì í ṣe oúnjẹ. Ó ní ẹni tí ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí tí ń lóṣòó kì í jẹ́ kí ìtì ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú iṣan ẹsẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Èyí bá Ìbàdàn àtijọ́ mu díẹ̀ ju ti oúnjẹ lọ. Ẹní àti àpótí kékeré ni ìjókòó ọ̀pọ̀ agbo-ilé. Lílóṣòó kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni, débi pé àwọn oníṣòwò aṣọ láti Ìjẹ̀ṣà gba orúkọ Òṣómàáló nítorí bí wọ́n ṣe ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè. Síbẹ̀, ìtì ẹ̀jẹ̀ ni olórí ọ̀rọ̀ nínú èrò Burkitt àti ti Alexander. Bí àsopọ̀ ara ẹnìkan bá le, ìtì kan náà tí ó ba ti aládùúgbò rẹ̀ jẹ́ lè má ṣe tirẹ̀ ní nǹkan kan.

Ihò tí ó tóbi jù wà nínú ìkànìyàn. Ilé ìwòsàn ni Burkitt bi léèrè. Kò wo ẹsẹ̀ àwọn tí kò wá. Bí ó ṣe yẹ kí a ṣe é hàn nínú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Edinburgh, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 1999. Wọ́n mú orúkọ àwọn ènìyàn láti inú ìwé àwọn dókítà àdúgbò láìwo ẹni tí ó ń ṣàìsàn, wọ́n ní kí wọ́n dìde dúró, wọ́n sì wo ẹsẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ènìyàn 1,566. Ìdá 40 nínú 100 àwọn ọkùnrin ni iṣan ńlá ẹsẹ̀ wọn wú, ìdá 32 nínú 100 àwọn obìnrin sì ni. Gbogbo ayé ni ó ti ń sọ pé àìsàn obìnrin ni, nítorí àwọn obìnrin ni ó ń lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ilé ìwòsàn bá lè ṣi ni lọ́nà báyìí ní Edinburgh, tí dókítà wà ní gbogbo àdúgbò, kí ni yóò sọ nípa ibi tí ènìyàn ń rìn ní ọjọ́ kan kí ó tó rí nọ́ọ̀sì?

Ẹsẹ̀ ní Ìbàdàn àtijọ́

Láti ìgbà tí àwọn jagunjagun ti tẹ Ìbàdàn dó bí ibùdó ogun ní nǹkan bí 1829, ẹsẹ̀ ni ìlú náà fi ń jẹun. Ọjà Ìba, tí ó di Ọjà'ba lẹ́nu, gba orúkọ rẹ̀ lára Ìba Olúyọ̀lé. Títí di ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin dé ní 1901, orí ènìyàn ni epo, ẹ̀kùrọ́ àti aṣọ fi ń rìn láàrin Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú. Ọkọ̀ ojú irin gba ẹrù ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n kò gba ti inú ìlú. Nígbà tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Mápó ní 1929, òkè náà ṣì jẹ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń gùn, tí wọ́n ń sọ̀, lójoojúmọ́. Bí ìrìn bá ń dáàbò bo iṣan, kò sí ìlú tí ó yẹ kí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ le jù Ìbàdàn lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń dúró náà pọ̀: alátẹ, aláró, alágbẹ̀dẹ, ẹni tí ń dín àkàrà, ẹni tí ń ro ọkà fún títà. Bí ìyá kan bá tún ti bí ọmọ mẹ́fà tàbí méje, ohun tí ó wà lábẹ́ ìró rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè fi àròsọ mọ̀.

Ìró náà kó ipa tirẹ̀ nínú ìtàn. Obìnrin Ìbàdàn kì í ṣí ojúgun kiri, ṣòkòtò ọkùnrin sì máa ń dé ìsàlẹ̀ orúnkún tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Awọ dúdú pàápàá kì í jẹ́ kí àwọ̀ búlúù iṣan hàn bí ó ṣe ń hàn lára òyìnbó; ó di ìgbà tí iṣan bá ti yọ gbùngbùn kí ẹlòmíràn tó rí i. Ìrora rẹ̀ kì í sì í ṣe èyí tí ń dáni dúró. Ẹsẹ̀ á wúwo ní ìrọ̀lẹ́, á wú díẹ̀, á yún ni. “Iṣẹ́ ni,” ni wọ́n máa ń wí. Wọn á fi òrí pa á, wọn á sùn, ó di òwúrọ̀, wúwú náà ti lọ sílẹ̀. Kò sí ohun tí ó burú nínú òrí. Dídùbúlẹ̀ ni ó ṣe iṣẹ́ náà ní tòótọ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ kò ní òkè láti gùn mọ́.

Ibi tí ewu wà ni ohun tí ń tẹ̀lé e lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Awọ tí ó wà lókè ọrùn ẹsẹ̀, pàápàá ní ìhà inú, yóò dú sí i, yóò le, lẹ́yìn náà ìfarapa kékeré kan yóò di egbò tí kì í san. Ẹni tí kò mọ̀ pé iṣan ni ó wà nídìí rẹ̀ yóò ní aláìsàn ti fẹsẹ̀ kọ́ oògùn. Wọn á sin gbẹ́rẹ́ yí egbò náà ká. Gbẹ́rẹ́ lórí iṣan tí ó wú kò dára rárá, nítorí ìtì ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ pọ̀ bí ènìyàn bá wà ní ìdúró, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lè ya bí omi ẹ̀rọ. Ẹsẹ̀ tí a bá gbé sókè ju àyà lọ, tí a sì fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀, ni ó ń dá a dúró. Ohun tí ń wo egbò náà sàn kò le: bándéèjì tí a dì le dáadáa láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ìsàlẹ̀ orúnkún. Bándéèjì náà ń ṣe fún ògiri iṣan ohun tí kọ́lájìn rẹ̀ kò lè ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i dájú pé ẹ̀jẹ̀ tí ń sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ náà tó, àti pé egbò náà kò ti ọ̀dọ̀ àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn ẹ̀jẹ̀ àbímọ́ni wá, nítorí ìtọ́jú wọn kì í ṣe ọ̀kan.

Ìmọ̀ ìṣègùn gíga kò jìnnà sí àwọn àdúgbò wọ̀nyí. Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtù, tí kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí Bẹẹrẹ, ni wọ́n fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, títí wọ́n fi ṣí ilé ìwòsàn UCH ní oṣù kọkànlá 1957. Ibà, ikọ́ ẹ̀gbẹ, ìgbẹ́ gbuuru àti ikú aboyún ni ó kún ọwọ́ wọn nígbà náà. Kò sí ẹni tí ó lè dá wọn lẹ́bi pé wọn kò ní kí àwọn alátẹ ká ìró sókè. Ṣùgbọ́n àìbèèrè kì í ṣe àìsí, ó sì ṣeni láàánú pé nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́, ọ̀kan ni wọ́n sọ méjèèjì dà.

Ìtàn náà ń lọ síwájú láìsí Ìbàdàn nínú rẹ̀. Ní 2018, àwọn onímọ̀ lo àkọsílẹ̀ ènìyàn tí ó ju 490,000 lọ ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì láti wá ohun àjogúnbá tí ó wà nídìí iṣan ẹsẹ̀ tí ó wú. Wọ́n rí i pé ẹni gíga ló ń ní i ju ẹni kúkúrú lọ, wọ́n sì rí ọgbọ̀n ibi nínú àjogúnbá ara tí ọ̀rọ̀ náà so mọ́, tí àwọn kan nínú wọn ń ṣiṣẹ́ lórí bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dàgbà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ìran wọn ti Yúróòpù wá ni ó pọ̀ jù lọ nínú àkọsílẹ̀ náà. Bóyá àsopọ̀ ara àwọn ọmọ Ìbàdàn jọ tiwọn tàbí ó le jù tiwọn lọ, iye yẹn kò lè sọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ yóò ní láti lọ sí agbo-ilé dé agbo-ilé ní Bẹ́yẹrúnká àti Ọjà'ba, kí ó wo ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tí ó bá wà nílé, ní ìdúró. Yóò sì ní láti ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Bí ó bá kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà kan, tí ó ní, “Ìyá, ṣé iṣan ń dùn yín?” ìyá náà lè dáhùn nípa orúnkún rẹ̀, nípa ẹsẹ̀ tí ń kú tipiri lóru, nípa ẹ̀yìn tí ń ro ó, tàbí nípa okùn tí ó fà ní gìgísẹ̀, kí ó sì tọ̀nà nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó wí ni, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde dúró, ẹ jẹ́ kí n wo ẹ̀yìn ojúgun yín.”